Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Láti Ka Ìlù Ọkàn: Ìtàn Ìwé Gbọọrọ Tí Ẹ̀rọ Ń Kọ



Ní ọjọ́ kan tí ètò wa parí, ìyá kan láti Kambolé dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ ìwé kan tó ti ká bí ẹní. Nígbà tó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ìwé náà gùn tó apá rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, àpótí kéékèèké kún ojú rẹ̀ bí ojú àwọ̀n, ìlà dúdú kan sì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọsibítù ní Sokodé ni wọ́n ti ṣe é fún un. Ó ní:

"Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí n tọ́jú ẹ̀ o. Oṣù mẹ́ta rèé tó ti wà nídìí àpótí mi. Àwọn ọmọ ní kí n sọ ọ́ nù, pé ìwé tí kò sí ọ̀rọ̀ lára ẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?"

Mo ní, "Ìyá, ìlù ọkàn yín ló wà níbẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ nù o." Ó dúpẹ́, ó lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé ìdáhùn mi kò tó. Obìnrin tó ń ṣírò owó lọ́jà láti òwúrọ̀ di alẹ́ láì ṣì í, kí ló dé tí a ó fi jẹ́ kó rò pé ìwé ọkàn òun fúnra rẹ̀ kò ṣeé yé òun? Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ìtàn yìí lórí rédíò, òun náà ni mo kọ síbí. Ìwé yẹn ni àwọn dókítà ń pè ní E-C-G, tí àwa nọ́ọ̀sì ń pè ní esejé. Ó ní ìtàn. Àwọn ènìyàn ló kọ́ bí a ṣe ń kà á, díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣì í kà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n kà. Èmi náà wà lára àwọn tó ṣì í kà.

Ọkàn àti odó

Gbogbo wa la mọ ìró odó nírọ̀lẹ́. Bí obìnrin méjì bá ń gún iyán nínú odó kan, ọ̀kan á sọ ọmọ odó sílẹ̀, èkejì á tẹ̀lé e, wọn kò ní kọlu ara wọn. Ẹni tó wà ní yàrá tó ń gbọ́ wọn mọ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, láì tilẹ̀ rí wọn. Bí ọ̀kan bá ti dá ọwọ́ dúró, tàbí tó yára jù, ìró náà á sọ fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn wa. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Àwọn ti òkè á kọ́kọ́ fún pọ̀, wọn á da ẹ̀jẹ̀ sísàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀, tí wọ́n lágbára jù, á wá fún pọ̀, wọn á ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró àti gbogbo ara. Gbì-gbì, gbì-gbì, bíi 100,000 ìgbà lójúmọ́.

Ta ló ń pe orin fún wọn? Iná mànàmáná kékeré kan ni. Ibì kan wà lókè yàrá apá ọ̀tún tí iná náà ti ń ṣẹ́, á tàn ká yàrá òkè, á dúró díẹ̀ láàrin, á sì sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ní ọdún 1906, Sunao Tawara, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, fi ibi tí iná náà ń gbà láti òkè dé ìsàlẹ̀ hàn. Ní ọdún 1907, Arthur Keith àti Martin Flack ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ojú ibi tí iná náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Iná yìí kéré gan-an, kò lè gbé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n omi àti iyọ̀ ló kún ara wa, iná sì ń gba inú omi oníyọ̀ kọjá. Nítorí náà ó ń dé awọ ara, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń gbọ́ ọ.

Obìnrin aboyún tó kú ní Burnley

Kí ẹ̀rọ tó dé, ìka ọwọ́ nìkan ni dókítà ní. Á di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú, á máa ka ìlù tó ń lù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkàn ni ìlù rẹ̀ kì í dọ́gba, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó léwu nínú wọn àti èyí tí kò léwu.

Ní ìlú Burnley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú àwọn tó ń hun aṣọ òwú, dókítà kan wà tó ń jẹ́ James Mackenzie, ọmọ Scotland. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nínú iṣẹ́, obìnrin kan tó ní àrùn ọkàn ń rọbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kú mọ́ ọn lójú. Ikú náà kò kúrò lọ́kàn Mackenzie. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni ìbá ti sọ fún mi ṣáájú pé ọkàn obìnrin yìí kò ní lè gbé ìrọbí? Aláboyún wo ni kí n kìlọ̀ fún, èwo ni kí n fi lọ́kàn balẹ̀?

Ó wá ṣe ẹ̀rọ kan tó ń kọ ìlù ọrùn ọwọ́ àti ìlù iṣan ọrùn sórí ìwé lẹ́ẹ̀kan náà, láìlo iná mànàmáná. Ohun tó ṣe tó gbayì jùlọ ni sùúrù. Ó ń kọ ìlù àwọn ará ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láti mọ ohun tó gbẹ̀yìn wọn. Ní ọdún 1902 ó tẹ ìwé jáde lórí ohun tó rí. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ọkàn wọn ń fo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ní àrùn kankan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n ti ní kí wọ́n jókòó sílé, kí wọ́n má ṣiṣẹ́ mọ́. Ó sì rí irú ìlù mìíràn tó dàrú pátápátá, tí kì í padà sípò, èyí tí àwọn tó ní in ń ṣàìsàn gidi.

Ẹ fi ẹ̀kọ́ yẹn sọ́kàn: kì í ṣe gbogbo ọkàn tó fò ló léwu, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni "àárẹ̀ lásán". Ẹni tó bá kà á dáadáa ló lè mọ ìyàtọ̀.

Ajá tó ti ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ iná ọkàn ènìyàn sílẹ̀ láti òde ara ni Augustus Waller, ní London, ní ọdún 1887. Ó lo màkúrì, irin olómi tó máa ń wà nínú gíláàsì tí a fi ń wọn ibà, nínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín. Bí ọkàn bá ti lù, màkúrì náà á mira. Waller ní ajá kan tó ń jẹ́ Jimmie, tí ó máa ń fi han àwọn ènìyàn. Ajá náà á dúró jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi iyọ̀, màkúrì á sì máa mì. Ní ọdún 1909, ọ̀rọ̀ ajá yìí dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, àwọn kan ní ìwà ìkà ni. Ìjọba dáhùn pé omi tí wọ́n bu iyọ̀ sí lásán ni ajá dúró sí. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ìyá tó ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ yìí á gbé àwọn. Kò tì í gbé ajá rí. Ẹ̀rọ náà kì í fi iná sí ara yín. Iná tó ti wà lára yín ló ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n màkúrì wúwo, ó ń falẹ̀, ohun tó ń kọ kò ṣe kedere. Ẹni tó tún un ṣe ni Willem Einthoven.

Ẹ̀yin tó ń ta àǹkárá, ẹ ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ará Họ́láńdì ni, ilẹ̀ tí àǹkárá Họ́láńdì ti ń wá. Erékùṣù Java ni wọ́n sì bí i sí ní ọdún 1860, ibẹ̀ kan náà tí àwọn ará Họ́láńdì ti rí iṣẹ́ aṣọ onídà tí wọ́n wò ṣe àǹkárá. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìyá rẹ̀ tó di opó kó ọmọ mẹ́fà padà sí Họ́láńdì ní ọdún 1870, ó sì tọ́ wọn. Ọmọ opó yẹn di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Leiden.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn Jámánì ṣì ń jọba lórí ilẹ̀ Tógò níbí, Einthoven na fọ́nrán kan tó tín-ín-rín ju irun lọ sáàrin òòfà ńlá méjì. Bí iná ọkàn bá ti gba inú fọ́nrán náà kọjá, á mì, iná àtùpà á sì gbé òjìji rẹ̀ sórí gíláàsì tí ń ya àwòrán. Ẹ̀rọ náà wúwo tó bíi kílò 270, yàrá méjì ló gbà, ènìyàn márùn-ún ló ń tọ́jú rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Aláìsàn á jókòó, á ti ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ òsì bọ inú garawa omi iyọ̀.

Ẹ̀rọ kò ṣeé gbé lọ sí ọsibítù, aláìsàn kò sì ṣeé gbé wá. Kí ni Einthoven ṣe? Ní ọdún 1905 ó fi wáyà tẹlifóònù so ọsibítù mọ́ yàrá iṣẹ́ rẹ̀, kìlómítà kan àti ààbọ̀. Aláìsàn wà lọ́hùn-ún, ìlù ọkàn rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ rántí wáyà yìí, a ó padà dé orí rẹ̀.

Einthoven náà ló fi lẹ́tà P, Q, R, S àti T sọ àwọn òkè kéékèèké orí ìwé lórúkọ. Orúkọ yẹn la ṣì ń pè wọ́n dòní. Ní ọdún 1924 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Bí a ṣe ń ka ìwé náà

Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ìwé ìyá Kambolé sílẹ̀ ká jọ kà á. Òkè kékeré tó kọ́kọ́ yọ ni P, òun ni yàrá òkè tó ń fún pọ̀. Òkè gíga ṣóńṣó tó tẹ̀lé e ni QRS, yàrá ìsàlẹ̀ nìyẹn, ọmọ odó tó lágbára. Òkè bẹ̀ǹbẹ̀ tó kẹ́yìn ni T, ìgbà tí ọkàn ń mí, tó ń múra de ìlù tó kàn.

Àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà kan. Márùn-ún lọ́nà gbọọrọ ló ṣe àpótí ńlá kan. Ìwé náà ń rìn ní mìlímítà 25 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn àpótí ńlá márùn-ún. Nínú ìṣẹ́jú kan, ó jẹ́ 300. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ìṣirò kò lè nira fún yín: ẹ ka àpótí ńlá tó wà láàrin òkè gíga kan àti èkejì, kí ẹ fi pín 300. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, ọkàn ń lù ní 75 láàrin ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, 100. Bó bá jẹ́ méjì, 150, ó ti yára jù fún ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, 50. Àgbàlagbà tó sinmi máa ń wà láàrin 60 sí 100.

Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń kà á á wá bi ìwé náà ní ìbéèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé àyè tó wà láàrin àwọn òkè gíga dọ́gba? Ṣé P wà níwájú òkè gíga kọ̀ọ̀kan? Ṣé òkè gíga wà lẹ́yìn P kọ̀ọ̀kan? Báwo ni P ṣe jìnnà sí i tó? Kò yẹ kó ju àpótí kékeré márùn-ún lọ. Ṣé òkè gíga náà tín-ín-rín, àbí ó fẹ̀ tó àpótí kékeré mẹ́ta? Ẹni tó bá béèrè àwọn ìbéèrè yìí láì fo ọ̀kankan kì í sábà ṣìnà. Ẹni tó bá fi ojú gán-án-ní ìwé, tó ní òun ti mọ̀ ọ́n, òun ló ń ṣìnà.

Bí P kò bá sí rárá, tí ìlà àárín ń gbọ̀n bí omi tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí òkè gíga sì ń wá bó ṣe wù ú, ìlù tó dàrú pátápátá tí Mackenzie rí nìyẹn. Ní ọdún 1909, Thomas Lewis ní London fi ẹ̀rọ Einthoven hàn pé yàrá òkè kò fún pọ̀ mọ́ lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí, ńṣe ló ń gbọ̀n. Ewu tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn dáadáa nínú yàrá tó ń gbọ̀n lè dì. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá já, tó lọ sínú ọpọlọ, apá kan ara á rọ, ẹnu á yẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ nìyẹn, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń sọ pé ayé ló ta á, tàbí afẹ́fẹ́ burúkú ló fẹ́ lù ú.

Ohun tí mo ṣì kà

Mo ti ní èmi náà ṣì í kà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún kejì lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin kan wá, ó ti bímọ láti oṣù méjì. Ó ní àyà òun ń sáré, òun kò lè sùn gbalaja lóru àfi kí òun fi ìrọ̀rí gbé orí sókè, ẹsẹ̀ òun wú. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn ènìyàn pọ̀ lórí ìlà lọ́jọ́ náà. Mo ka ìlù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo rí 22, mo fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀, mo kọ 88 sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá ọmọ, àárẹ̀ ọmọ títọ́ ni. Ẹ lọ sinmi."

Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé e padà wá. Àgbà agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ kò bá mi wí. Ó kàn di ọrùn ọwọ́ obìnrin náà mú fún odidi ìṣẹ́jú kan, ó sì fi ohun ìgbọ́yà sí àyà rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ní ọrùn ọwọ́ ó ka 90, ní àyà ó ka 134. Ọkàn ń lù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlù náà kò lágbára débi tí wọ́n á fi dé ọwọ́. Wọ́n ṣe esejé fún un. Kò sí P. Kí ọkọ̀ tó gbé e dé ọsibítù ńlá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú.

Kò kú o. Ó wà láàyè, ọmọ náà ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló fi ń dáná. Ìgbàkúùgbà tí mo bá rí i, ó ń kí mi dáadáa, èmi ni ọ̀rọ̀ máa ń wọ́n lẹ́nu.

Ní ilé-ìwé nọ́ọ̀sì tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń so okùn ẹ̀rọ mọ́ aláìsàn, mẹ́rin sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, mẹ́fà sí àyà. Kíka ohun tó jáde, wọ́n ní iṣẹ́ dókítà ni. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìwé esejé àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà, mo ń fi rúlà wọ̀n wọ́n lóru. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé kí n má wo ohun tí ẹ̀rọ kọ sókè ìwé, nítorí ẹ̀rọ òde òní máa ń kọ èrò tirẹ̀ síbẹ̀, ó sì máa ń ṣì í. Okùn tó tú, aláìsàn tó ń gbọ̀n nítorí òtútù, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ lè pè ní àrùn.

Àwọn nọ́ọ̀sì tó gba àyè láti kà á

Nígbà náà ni mo wá mọ̀ pé ìjà tí mo ń jà, àwọn ẹlòmíràn ti jà á. Ní ọdún 1962, ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, dókítà Hughes Day ṣí yàrá kan fún àwọn tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù. Ní Philadelphia, dókítà Lawrence Meltzer àti nọ́ọ̀sì Rose Pinneo ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Wọ́n rí i pé bí ọkàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní yàrá ìsàlẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù fún aláìsàn. Kí wọ́n tó pe dókítà lórí ibùsùn rẹ̀ lóru, ó ti pẹ́ jù. Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn lóru? Nọ́ọ̀sì ni. Nítorí náà wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti ka ìlù náà, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ta ọkàn náà padà sípò láì dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1965 Meltzer, Pinneo àti ẹlẹgbẹ́ wọn kan tẹ ìwé ẹ̀kọ́ jáde fún àwọn nọ́ọ̀sì lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ti dókítà nìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù.

Ìyàwó kan náà wà nínú ìtàn yìí. Ní Sweden, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arne Larsson ń dákú ní ogún sí ọgbọ̀n ìgbà lójúmọ́. Iná tó yẹ kó sọ̀ láti yàrá òkè kò dé ìsàlẹ̀ mọ́: P ń bọ̀, òkè gíga kò tẹ̀lé e. Ìyàwó rẹ̀, Else-Marie, gbọ́ pé àwọn kan ń gbìyànjú ẹ̀rọ kékeré tó lè máa pe ìlù fún ọkàn. Ó lọ bá oníṣẹ́ abẹ Åke Senning àti Rune Elmqvist tó mọ ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n ní kò tíì tó lò fún ènìyàn. Kò gbà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ títí wọ́n fi gbà. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, ọdún 1958, wọ́n fi àkọ́kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú ara Larsson. Ẹ̀rọ náà kò pẹ́ kó tó kú, wọ́n fi òmíràn sí i, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ fún un jálẹ̀ ayé rẹ̀. Ọdún 2001 ló kú, lẹ́ni ọdún 86. Ó gbẹ́yìn oníṣẹ́ abẹ náà àti ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń bá èèyàn yín lọ sí ọsibítù, tí wọ́n ní kí ẹ padà lọlé, tí ọkàn yín kò sì gbà, ẹ rántí Else-Marie.

Wáyà Einthoven dé Áfíríkà

Mo ní a ó padà dé orí wáyà. Ní Kamẹrúùnù, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan, Arthur Zang, rí i pé ìlú ńlá ni àwọn dókítà ọkàn orílẹ̀-èdè rẹ̀ kóra jọ sí, tí àwọn ará abúlé sì ń rìn ọ̀nà jíjìn nítorí àyẹ̀wò kan. Ó ṣe ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí ó pè ní Cardiopad. Nọ́ọ̀sì abúlé á so okùn mọ́ aláìsàn, ẹ̀rọ á kọ ìlù, á sì fi í ránṣẹ́ sí dókítà ọkàn nípasẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹlifóònù. Ní ọdún 2016 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ńlá ti Africa Prize fún àwọn ẹnjiníà. Kìlómítà kan àti ààbọ̀ ti Leiden ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà.

Láti Kambolé dé Tchamba, láti Tchamba dé Sokodé, láti Sokodé dé Lomé tó ju 300 kìlómítà lọ, ẹ mọ ọ̀nà náà, ẹ mọ ohun tó ń gbà lówó àti lára. Nọ́ọ̀sì tó mọ ìwé kà nítòsí yín lè sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lónìí àti ẹni tó lè sùn sílé. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ yìí fi tọ́ sí àwa náà.

Ohun tí ó kan ìyá kọ̀ọ̀kan

Ní àwọn ọdún 1970, ní Zaria ní àríwá Nàìjíríà, Eldryd Parry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ahmadu Bello tọ́jú ọ̀pọ̀ obìnrin tí ọkàn wọn rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n tọ́ka sí àṣà ibẹ̀: omi gbígbóná fún ogójì ọjọ́, ibùsùn tí wọ́n ń dáná sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀kọ tí kánwún pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wọn kò rí i pé àṣà wọ̀nyí ló ń dá àrùn náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ àti kánwún àpọ̀jù kò ṣe ọkàn tó ti rẹ̀ lóore. Aláboyún tàbí ìyá ọmọ tuntun tí kò lè sùn gbalaja, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí àyà rẹ̀ ń sáré, kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí fún un. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n ṣe esejé fún un.

Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dun ọmọ yín, tí ibà sì wà níbẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ kó lọ fúnra rẹ̀. Irú ọ̀fun dídùn kan wà tí ó lè ba àwọn ìlẹ̀kùn inú ọkàn ọmọ jẹ́ tí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ọkàn tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ bàjẹ́ sì ni ìlù rẹ̀ ń dàrú lọ́jọ́ iwájú. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro rí ní ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru: ẹ máa wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin ìyá aléwé, ẹ má bínú sí mi. Ní ọdún 1785 William Withering, dókítà Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé lórí ewé kan tó ń wo ara wíwú. Ọ̀rọ̀ ewé náà ti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan wá, tó ń pò ó mọ́ bí ogún ewé mìíràn. Oògùn ọkàn tó ti inú ewé yẹn wá ṣì wà ní ọsibítù dòní. Ṣùgbọ́n bí ọdún mẹ́wàá ni Withering fi kọ́ ìwọ̀n rẹ̀, nítorí ìwọ̀n tó ń wò ó àti ìwọ̀n tó ń pa kò jìnnà síra wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lo oògùn ọkàn, kó má fi àgbo kún un láìsọ fún nọ́ọ̀sì.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ìlù. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò. Ẹ kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ọmọ tuntun lè ju 120 lọ, kò burú. Aláboyún náà máa ń yára díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlù àgbàlagbà bá ń dàrú, tó ń yára, tó ń dúró, ẹ lọ fi hàn. Bó bá dákú, bí àyà bá ń dùn ún, bí kò bá lè mí, bí ẹnu bá yẹ̀ tàbí ọwọ́ kan rọ, ẹ má dúró de òwúrọ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe esejé fún yín, ẹ má fi òrí pa àyà lọ́jọ́ náà, okùn kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ lè ní kí obìnrin ṣe é fún yín, ẹ sì lè fi aṣọ borí bí wọ́n bá ti so okùn tán. Ẹ dúró jẹ́jẹ́. Kò dùn ún rárá.

Kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà. Ìwé ti ọdún tó kọjá ló ń sọ fún wa bóyá èyí tí a rí lónìí jẹ́ tuntun. Ìyá Kambolé padà wá lẹ́yìn ètò kẹta. Ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi ìka sí i, ó kà á sókè: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, 75 ni, àbí?"

75 ni, ìyá. Ó dọ́gba. Ẹ padà sí ọjà yín.